Nígbà Tí A Ń Kó Fáìlì Jọ ní Mákùn

Tí wọ́n bá ń ka iṣẹ́ tí a fi mọ Rẹ́mọ, obì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, wọn a dárúkọ sìmẹ́ǹtì tẹ̀ lé e, wọn a sì fi iṣẹ́ awakọ̀ kún un. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Obì ló kó àwọn oníṣòwò Hausa wá jókòó sí Sábó, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ní 1978 sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ yanjú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan tún wà tí àwa ọ̀dọ́ Mákùn ní Ṣágámù fi jẹun láti ìparí àwọn ọdún 1990 títí di nǹkan bí 2010, tí n kò tíì rí kí ẹnikẹ́ni kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ business centre ni. Nínú iṣẹ́ náà, ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré, tí gbogbo wa ń pè ní defrag: kíkó àwọn fáìlì tó ti fọ́n ká inú hard disk jọ sójú kan, kí kọ̀ǹpútà lè yára. Mo ṣe é títí àwọn oníbàárà fi sọ mí ní Aǹtí Kọ̀ǹpútà. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mọ̀ ni pé òun ló mú kí ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíì ti lò tì ṣiṣẹ́ fún wa fún ọdún gbọọrọ, òun náà ló sì jẹ́ ká fojú ara wa rí ohun tó ń lọ nínú kọ̀ǹpútà.

Ìyàrá kan ṣoṣo ni ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí ààfin Ewùsì, ọba Mákùn. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kan tó máa ń há bébà mọ́nú, àti UPS kan tí bátìrì rẹ̀ kò lè gbé iná dúró ju kí èèyàn sáré tẹ Save lọ. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ti fi táípúráítà jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó ra kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tó ń wọlé pọ̀. Lẹ́tà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà níbẹ̀, ìbéèrè ìdánwò àwọn olùkọ́ Makun High School wà níbẹ̀, àti káàdì ìpè ìgbéyàwó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Ṣágámù máa ń gbé ìwé àpilẹ̀kọ wọn wá, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe yunifásítì wọn ní Ogun State University, kí orúkọ rẹ̀ tó di Olabisi Onabanjo University ní 2001.

Ṣùgbọ́n ìwé ètò ìsìnkú ni ọba gbogbo iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ mọ̀ pé a kì í sin àgbà lọ́wọ́ òfìfo. Ìwé náà gbọ́dọ̀ ní ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, oríkì rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ àti àwọn àna, àti fọ́tò láti ìgbà èwe títí dé ọjọ́ ogbó. Lọ́jọ́ Ajé, àkọ́bí á mú ojú ìwé méjì wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àbúrò rẹ̀ á ní wọ́n gbàgbé ìyàwó kejì. Lọ́jọ́rú, àwọn tó wà ní London á fi ọ̀rọ̀ ìdágbére tiwọn ránṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí a bá rò pé ó ti parí, àwọn àna á wọlé pẹ̀lú fọ́tò mìíràn tí ó gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀. A ń fi PageMaker àti CorelDRAW ṣe é, a sì ń tẹ Save lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Fáìlì kan ṣoṣo á máa wú láti ọjọ́ dé ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ìdílé mìíràn náà ń wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí n tó dé orí ìṣòro náà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹ̀rọ tí a ń lò. Tòkunbọ̀ ni. Nígbà tí àdúgbò Otigba ní Ìkẹjà, tó jẹ́ ibi tí àwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀, di ojúkò ọjà kọ̀ǹpútà ní ìparí àwọn ọdún 1990, ọ̀nà ti là fún àwa ará Ṣágámù, torí pé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978 gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá. Ẹni tó bá jáde ní Mákùn láàárọ̀ á ti ra kọ̀ǹpútà, á sì ti gbé e délé kí ilẹ̀ tó ṣú, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá fún un láyè. Láti ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń wá, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra tuntun. Ní 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà wá ṣe ìwádìí ní Èkó, wọ́n sì gbé ìjábọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní The Digital Dump. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù, kọ̀ǹténà kọ̀ọ̀kan á sì gba nǹkan bí 800 kọ̀ǹpútà tàbí mọ́nítọ̀. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún tó ń wọlé, ó lè tó 75 tí kò ṣeé tún ṣe fún ìlò mọ́.

Èyí tó ṣeé lò nínú ìyókù ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Pentium ni, Windows 98 ló wà nínú rẹ̀, 32MB ni memory rẹ̀, 4.3GB ni hard disk rẹ̀ tó bá dára. Fóònù tó wà lápò ọmọ iléèwé lónìí gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Inú hard disk kékeré yẹn ni Windows wà, ibẹ̀ ni PageMaker, CorelDRAW àti gbogbo fọ́nǹtì wà, ibẹ̀ ni gbogbo òkú àti ìyàwó Mákùn wà. A kò lówó láti ra òmíràn. Bí ó bá kún, a ó pa ti àwọn ìdílé tó ti ṣe tán rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti dà wọ́n kọ sórí diskette, a ó sì fi àyè wọn gba ti ẹlòmíì.

Ẹ jẹ́ ká wo inú hard disk náà. Àwo pẹrẹsẹ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi èròjà tó ń gba agbára òòfà kùn lójú. Nínú èyí tí a ń lò nígbà náà, àwo yẹn ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń lọ ó ń bọ̀ lórí rẹ̀, orí tó ń kàwé tó sì ń kọ ọ́ wà ní ṣóńṣó apá náà. IBM ló kọ́kọ́ ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1956. RAMAC ni wọ́n pè é; àwo 50 ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà mílíọ̀nù márùn-ún péré ló lè gbà. Láti orí RAMAC títí dé orí tiwa ní Mákùn, àìlera kan náà ló ń bá wọn fínra: apá yẹn gbọ́dọ̀ rìn. Bí ó bá fẹ́ ti ibì kan lọ sí ibòmíràn lórí àwo, á gbà á tó ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú-àáyá, á sì tún dúró kí àwo yí ibi tó ń wá bọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kò jọ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ìwé ètò ìsìnkú kan bá wà ní ojú ọ̀ọ́dúnrún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìrìn nìkan á gba ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin sí márùn-ún kí ìwé náà tó ṣí, yàtọ̀ sí àkókò tó máa fi kà á. Tí Windows alára náà bá wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú, ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Kí ló ń fọ́n wọn ká? Ètò tí Windows 98 fi ń pín àyè ni, èyí tí wọ́n ń pè ní FAT. Marc McDonald ló kọ ọ́ fún Microsoft ní 1977, nígbà tí diskette kékeré ni wọ́n ń rò. Ó pín gbogbo hard disk sí ojú kéékèèké, ó sì ní àkọsílẹ̀ kan níwájú tó ń sọ ojú tó tẹ̀ lé ojú fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ní kí ó tọ́jú nǹkan, ibi tó bá ti rí àyè ló ń fi sí. Kò bìkítà bóyá àyè náà tó fáìlì ọ̀hún. Bí kò bá tó, á gé e, á fi ìyókù sí ibòmíràn. Fáìlì tí a pa rẹ́ á fi ihò sílẹ̀, fáìlì tuntun á já sínú ihò náà, èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ á wá ihò mìíràn lọ. Windows alára tún ń fi apá kan hard disk ṣe memory nígbà tí 32MB yẹn bá tán, fáìlì tó ń lò fún ìyẹn á sì máa wú, á máa fọ́n, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ Save.

Ọmọ Ṣágámù kò ní ṣàì lóye ohun tí defrag ń ṣe, torí ìlú wa gan-an bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mákùn, Ọ̀fin, Ṣóyìndó, Ẹ̀pẹ́, Ìbídó, Ìgbẹ̀pà, Adó, Òkò, Ìpòjí, Bátòrò, Ìjòkú, Látawá àti Ìjàgbà, ìlú mẹ́tàlá, ti wà káàkiri igbó Rẹ́mọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó para pọ̀ ní 1872, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ìlú kéékèèké lè dá dúró mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jíṣẹ́ fún gbogbo wọn tẹ́lẹ̀ á rin igbó dé igbó. Lẹ́yìn ìkójọ, ó lè fẹsẹ̀ rìn yí gbogbo wọn po. Kò sí ìlú tó pàdánù orúkọ rẹ̀: Ewùsì wà ní Mákùn, Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, wà ní Ọ̀fin. Bẹ́ẹ̀ náà ni defrag kì í fi kún fáìlì, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Ojú tó jẹ́ ti fáìlì kan ló ń kó wá síbì kan kí apá hard disk lè kà á lọ láìfò.

Ètò tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà kí Windows tó gbòde. Peter Norton ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta Norton Utilities ní 1982, nígbà tó yá ó fi ọ̀kan tí ń jẹ́ Speed Disk kún un. Symantec ra ilé iṣẹ́ Norton ní 1990, ọwọ́ Symantec sì ni Microsoft ti gba ètò DEFRAG tó wà nínú MS-DOS 6 ní 1993. Bọ̀ọ̀dá ṣì ní Norton lórí diskette, ó fi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà tí kò lè gbé Windows. Windows 95 wá ní tirẹ̀, Windows 98 sì tún mú un dára sí i pẹ̀lú ọwọ́ Intel: ó kọ́ bí ó ṣe ń wo ètò tí èèyàn ń ṣí jù, kí ó lè kó fáìlì wọn sí ibi tí wọ́n á ti tètè dìde. Ní ti èyí, mo gbóríyìn fún wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, PageMaker tó ń pẹ́ kí ó tó ṣí á wá máa ṣí kíákíá lẹ́yìn ìtọ́jú, oníbàárà tó dúró lẹ́yìn wa á sì rí i.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé la máa ń ṣe é, nígbà tí gbogbo ìlú bá wà lóde àríyá tí oníbàárà sì dín kù. Bọ̀ọ̀dá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fo ìgbésẹ̀ kankan. A ó kọ́kọ́ da iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ kọ sórí diskette. A ó wọ C:\WINDOWS\TEMP, a ó pa gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ rẹ́, a ó tú Recycle Bin dànù. Lẹ́yìn náà ScanDisk, ètò tó ń yẹ hard disk wò, torí ẹni tó bá ń kó fáìlì jọ lórí hard disk tó ní ọgbẹ́ ń wá wàhálà. A ó pa screen saver, a ó dá antivirus dúró. Ìgbà yẹn la ó tó wá ṣí Disk Defragmenter, a ó sì tẹ Show Details.

Èyí ni àwọn ọmọdé àdúgbò ń dúró dè. Àpótí kéékèèké á kún ojú mọ́nítọ̀ bámúbámú, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ojú kan nínú hard disk. Èyí tó ń kà lọ́wọ́ á di àwọ̀ ewé, èyí tó ń kọ á di pupa, èyí tó ti tò á di aró. A ó máa gbọ́ apá inú ẹ̀rọ náà tó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́. Mo ti rí àgbàlagbà tó wá gba fọ́tòkọ́pì ojú ìwé kan, tó fa àga, tó jókòó, tó sì ń bi mí léèrè lórí àpótí dé àpótí. Mo dá a lóhùn lórí gbogbo rẹ̀. N kò mọ ohun mìíràn tó fi inú kọ̀ǹpútà han ẹni tí kò kàwé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mo sì rò pé kò tíì sí irú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. Tí ohunkóhun bá kọ nǹkan sórí hard disk bí ó ti ń lọ lọ́wọ́, á kéde pé ohun inú díráìfù ti yí padà, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kọ̀ǹpútà tí memory rẹ̀ kéré lè máa dé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tún padà sẹ́yìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí a kọ́ ni kí a tẹ F8 nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde, kí a gbà á wọlé ní Safe Mode, níbi tí kò ti ní sí ètò mìíràn tí yóò máa dà á láàmú.

Ọ̀tá iṣẹ́ wa tó le jù ni kí iná ọba lọ. Fáìlì tó wà lójú ọ̀nà láàrin ilé àtijọ́ àti ilé tuntun lè sọnù nínú àkọsílẹ̀ FAT bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà lórí àwo. Nítorí náà, a kì í fi iná ọba ṣe é tí a bá lówó epo. A ó tan jẹnẹrétọ̀ kékeré, a ó rọ epo rẹ̀ kún, a ó sì yan ẹnì kan tì í. Síbẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ nígbà kan pé jẹnẹrétọ̀ kú láàrin iṣẹ́. Àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà, diskette tí a dà á kọ sí kò sì ṣí mọ́. Nígbà tí iná dé, ScanDisk kó àwọn ojú tí kò mọ olówó wọn jọ, ó sọ wọ́n ní FILE0000.CHK, FILE0001.CHK, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ̀ọ̀dá ní kí n ṣí wọn ní Notepad lọ́kọ̀ọ̀kan. Àmì rádaràda ló kún ojú wọn. Mo ń yí i lọ sísàlẹ̀, kò sí ohun tó nítumọ̀, àfi ìgbà tí gbólóhùn kan yọ lójijì, ọ̀rọ̀ nípa ibà lára aláboyún, òmíràn sì tẹ̀ lé e. A dà wọ́n kọ, a tò wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ náà jókòó tì wá, ó ń sọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ti rí púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kó jọ. Ó ti di dókítà báyìí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ohun tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó ti sọnù lè má tíì sọnù.

Nígbà tó ṣe, kọ̀ǹpútà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọ ilé. Zinox bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò ní Nàìjíríà ní 2001, Omatek ti Florence Seriki náà wà lójú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń ra tiwọn. Àwọn tó wà ní Èkó àti ní òkè òkun ń gbé tòkunbọ̀ wá fún àwọn òbí wọn. Àwọn òbí wọ̀nyí ni mo ń lọ bá nílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ilé tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ ìtàn ìdílé rẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ kú ilé o, sà. Wọ́n ní ẹ ń wá mi."

"Ọmọ mi, káàbọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń falẹ̀. Bí mo bá ṣí ìwé mi, mà á ti mu omi tán kí ó tó jáde."

Mo bá a da ìwé rẹ̀ kọ, mo gbé defrag dìde. Ó wọ dígí, ó sún mọ́ mọ́nítọ̀.

"Èwo ni ìtàn bàbá mi nínú gbogbo àpótí yìí?"

"Bàbá, n kò lè tọ́ka sí i. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, ó ti fọ́n ká ni. Ó ń kó o jọ báyìí."

"Kò ní sọ apá kan nù?"

"Bí iná kò bá lọ, kò ní sọ ọ́ nù, sà. Bí ó bá sì lọ, èyí tí mo kọ sórí diskette wà lọ́wọ́ yín."

Ó gba diskette náà, ó fi sínú Bíbélì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé jù mí lọ ni kò ní irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀.

Èmi náà wá ní kọ̀ǹpútà tèmi nílé. Àwọn alẹ́ Orò, tí obìnrin kì í jáde, ni mo máa ń fi tọ́jú rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn. Mà á ti ilẹ̀kùn, mà á gbé e dìde, mà á sì jẹ́ kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí oorun á fi gbé mi.

Windows XP dé ní ìparí 2001 pẹ̀lú ètò ìpín-àyè mìíràn tí ń jẹ́ NTFS, tó máa ń kọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí ó tó ṣe é, nítorí náà iná kò lè ba àkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwọn àpótí kéékèèké lọ, ọ̀pá gbọọrọ méjì ló rọ́pò wọn, pupa fún ohun tó fọ́n, aró fún ohun tó wà lójú kan. Ó sì ní ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún hard disk gbọ́dọ̀ ṣófo kí òun tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí tó ṣòro fún àwa tí tiwa máa ń kún dé ẹnu.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan nípa àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Defrag di òògùn gbogbo nǹṣe lọ́wọ́ àwọn kan. Kọ̀ǹpútà tí fáírọ́ọ̀sì kún inú rẹ̀, wọ́n á defrag rẹ̀. Èyí tí memory rẹ̀ kò tó gbé XP, wọ́n á defrag rẹ̀, wọ́n á gbowó, ẹ̀rọ á sì tún falẹ̀ lọ́la. Lórí Windows 98 tó kún tó sì ti pẹ́, ìrànwọ́ rẹ̀ hàn sójú. Lórí XP, kí a fi memory 256MB kún un wúlò ju defrag lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí mo sì máa ń gba oníbàárà níyànjú láti ṣe nìyẹn, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń bọ́ sápò àwọn ará Otigba tí kò bọ́ sápò mi.

Windows Vista ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa ní 2007. Wọ́n mú gbogbo àwòrán kúrò, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà máa defrag ara rẹ̀ ní aago kan òru mọ́jú Ọjọ́rú. Ẹni tó ṣètò bẹ́ẹ̀ ń ro ilé tí iná kì í lọ. Ta ló ń tan kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní aago kan òru ní Mákùn? Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ náà lè dúró di ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í jẹ́ kí ó dilẹ̀. Bí iṣẹ́ bá tán, a ó pa á kí epo má bàa jó lásán. Ohun tó dùn mí jù ni àwòrán tí wọ́n yọ. Àwọn ọmọ tó ń jókòó wo àpótí aláwọ̀ tẹ́lẹ̀ kò rí nǹkan kan wò mọ́, wọn kò sì béèrè ohunkóhun mọ́.

SSD ló wá parí rẹ̀. Kò ní àwo, kò ní apá tó ń rìn. Ojú kan kò jìnnà ju òmíràn lọ nínú rẹ̀, nítorí náà kí fáìlì fọ́n ká fẹ́rẹ̀ẹ́ má já mọ́ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìwọ̀nba ìgbà ni èèyàn lè kọ nǹkan sójú kan nínú rẹ̀ kí ojú náà tó kú, kíkó fáìlì kiri á sì máa jẹ nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Windows 7 tó jáde ní 2009 ti mọ̀ ọ́n, kì í gbé defrag lé e lórí. Ní 2012, Windows 8 yí orúkọ ètò náà padà sí Optimize Drives. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Media type sí. Bí ó bá jẹ́ Solid state drive, ẹ fi í sílẹ̀, Windows mọ ohun tó ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ Hard disk drive, irú èyí tó ṣì wà nínú àwọn laptop tòkunbọ̀ kan, ó ṣì nílò ìkójọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pàápàá bí a kì í bá jẹ́ kí ó tàn pẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù tàbí tí wọ́n ti ń gba owó pẹ̀lú POS. Bọ̀ọ̀dá ti sinmi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n hard disk àwọn kọ̀ǹpútà ìgbà náà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, lókè àjà àti nínú páálí, ní Mákùn àti káàkiri Rẹ́mọ. Ẹ ronú ohun tó wà nínú wọn: orúkọ, oríkì, ìtàn ìgbésí ayé àti fọ́tò àwọn àgbà tí a sin fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò ní ẹ̀dà ìwé rẹ̀ mọ́. Hard disk tó pẹ́ nílẹ̀ lè kọ̀ láti yí, èyí tó yí lónìí lè má yí lọ́dún tó ń bọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe business centre rí, ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ sílẹ̀ fún, ẹ gbé wọn jáde. Okùn tí wọ́n fi ń so hard disk àtijọ́ mọ́ USB wà lọ́jà ní Ìkẹjà, kò sì wọ́n. Ẹ má ṣe gbé defrag lé e lórí o. Àwo tó ti darúgbó kò lè gba wàhálà yẹn mọ́. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sí ibi méjì, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ìdílé tó ni ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fún wọn ní tiwọn.